Wọ́n Ní Nàfísàt Ló Da Álọ́ọ̀mù Sí Kànga

Ẹ jẹ́ kí n bi yín ní ìbéèrè kan. Bí ata bá ta ènìyàn lójú, ṣé ilé ẹni tó ń ta ata ní ọjà ló máa gbà lọ láti lọ jà? Bí iyọ̀ bá pọ̀ jù nínú ọbẹ̀ obìnrin kan, ṣé oníyọ̀ ni ọkọ rẹ̀ máa dì mọ́ lọ́rùn? Ìwà òmùgọ̀ ni, gbogbo wa la sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n ṣe fún Nàfísàt lẹ́yìn Ìfọ̀ ní ọ̀gbẹlẹ̀ tó kọjá nìyẹn, àwọn tó sì ṣe é kì í ṣe ọmọdé.

Ọmọ Ìwó ni Nàfísàt. Àbúrò ìyá rẹ̀ ló mú un wá sí Ìfọ̀ nígbà tí kò tíì mọ gèlè wé dáadáa, òun náà ló kọ́ ọ ní òwò. Álọ́ọ̀mù, káún àti imí-ọjọ́ ni wọ́n ń tà. Nígbà tí ìyá náà kú, Nàfísàt ló jókòó sí ìsọ̀ rẹ̀, kò sì kúrò níbẹ̀ títí di òní. Àwọn tó ń fọ ìgbín ń wá bá a, nítorí ohun tó ń yọ̀ lára ìgbín kì í bá omi lásán lọ. Àwọn onígbàjámọ̀ ń wá bá a, wọ́n á fi álọ́ọ̀mù ra ojú ibi tí abẹ bá ti gé oníbàárà wọn. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń gbé e lọ jù ni àwọn ará Mowe àti Ibafo. Ẹni tó bá ti gbé ibẹ̀ rí kò nílò àlàyé. Ènìyàn á kọ́ ilé tó wuyì, á kùn ún ní ọ̀dà, á fi táìlì sí gbogbo ilẹ̀ rẹ̀, omi tí yóò fi wẹ̀ á wá pọ́n bí tíì tí wọ́n da mílíìkì sí. Wọ́n á ju álọ́ọ̀mù sínú dúrọ́ọ̀mù, wọ́n á fi igi rò ó, ẹrẹ̀ á ṣù pọ̀, á rọlẹ̀, omi á sì mọ́ lókè. Bí ìpàdé ńlá bá ti ń bọ̀ ní Redemption Camp, tí àlejò fẹ́ kún ilé àwọn ará ibẹ̀, ìsọ̀ Nàfísàt kì í gba èrò.

Ó ní ìwà kan tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Kò sí àpò álọ́ọ̀mù tí yóò wọ ìsọ̀ rẹ̀ tí kò ní kọ́kọ́ fi ahọ́n kàn. Àwọn kan ń pa òkúta funfun mìíràn mọ́ tiwọn kó lè pọ̀ lójú, òun kò jẹ́ ṣe é. Ohun tó ń kan, tó ń fún ahọ́n pọ̀, tó wá fi adùn díẹ̀ sílẹ̀ lẹ́yìn, òun ni yóò tà. Àwọn oníbàárà mọ̀ ọ́n bẹ́ẹ̀. Wọn kì í yẹ ọjà rẹ̀ wò, wọ́n á kàn na àpò ni.

Ilé gbọ̀ọ̀rọ̀ kan tí àwọn yàrá rẹ̀ dojú kọ ara wọn ló ń gbé, ilé Bàbá Ògúnkànmí. Bàbá yìí jẹ́ ọmọ onílẹ̀ ní ẹ̀yìn Ìfọ̀, àgbàlagbà tí ohùn Ẹ̀gbá rẹ̀ kò tíì bá èdè Èkó lò rárá. Lẹ́yìn ilé náà, ilẹ̀ ìdílé rẹ̀ lọ jìnnà, ó sì ti gé e sí púlọ́ọ̀tì púlọ́ọ̀tì fún títà. Ohun tó ń da títà rẹ̀ rú ni omi. Tánkà ló ń gbé omi wá fún wọn, àwọn tó bá wá wo ilẹ̀ á sì kọ́kọ́ béèrè pé, “Omi ńkọ́?” Ni Bàbá bá pe Yésúfù agbẹ́kànga.

Yésúfù gbẹ́ ilẹ̀ pupa, ó kan amọ̀ funfun, lẹ́yìn náà ó kan nǹkan dúdú kan tó ń ya pẹ́lẹ́bẹ́ pẹ́lẹ́bẹ́ bí ojú ìwé, tó sì ń rùn bí ẹyin tó ti bàjẹ́. Kò fẹ́ràn rẹ̀. Ó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun sún síwájú. Bàbá ní kó máa gbẹ́ lọ, òun kò ní ọjọ́ tí òun ń fi ṣòfò. Wọ́n kó ilẹ̀ dúdú náà jọ gègèrè sẹ́yìn ilé ìwẹ̀, Yésúfù sì gbẹ́ ẹ títí tó fi kan omi.

Ẹ̀yin ará, omi yẹn mọ́! Abẹ́rẹ́ tó bá bọ́ sí ìsàlẹ̀ korobá, ẹ ó rí i. Gbogbo àwọn tó ń gbé ilé náà ni wọ́n jáde wá wò ó bí ẹni ń wo ìyàwó tuntun. Ní agbègbè tí ènìyàn ti ń fi álọ́ọ̀mù tọrọ omi mímọ́, omi tó mọ́ láti inú ilẹ̀ wá, kò sẹ́ni tó ní kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Ó mọ́, ó parí.

“Ìyá Sọ̀fì, ọjà yín ti bàjẹ́ o!” Ohùn Mọ́láyọ̀ ni, tí wọ́n ń pè ní Ìyá Ìbùkún. “Omi tiwa kò wá álọ́ọ̀mù!”

Nàfísàt, tí wọ́n ń fi orúkọ ọmọ rẹ̀ Sọ̀fíyátù pè, rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. “Ẹ fara balẹ̀. Kò ní pẹ́, ẹ ó tún máa wá kanlẹ̀kùn mi.”

Gbogbo wọn ló jọ rẹ́rìn-ín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rántí pé gbogbo wọn ló jọ rẹ́rìn-ín.

Mọ́láyọ̀ yìí kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ó ti gbé Èkó, ó ti gbé Mowe, ó ti ṣe iṣẹ́ ọ́fíìsì kí wọ́n tó ní kó máa lọ sílé. Ó fi ohun tó ní ra púlọ́ọ̀tì kan lọ́wọ́ Bàbá, ó yá yàrá sí ilé náà kó lè wà nítòsí rẹ̀, ó wá mọ kòtò ẹja oníbúlọ́ọ̀kù sórí púlọ́ọ̀tì ọ̀hún. Ẹja àrọ̀ ló fẹ́ máa sìn. Omi kànga tuntun ló fa sí i, ó da àwọn ọmọ ẹja sí i, ó gbàdúrà lé wọn lórí.

Òjò ti dáwọ́ dúró nígbà náà, ọyẹ́ sì ti ń fẹ́. Omi kànga ń fà, bó sì ṣe ń fà ló ń yí padà. Ọṣẹ kò hó mọ́ bó ṣe yẹ. Ìdè onírin tó wà lọ́rùn korobá bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ. Àwọn ọmọ ẹja Mọ́láyọ̀ léfòó, wọ́n ń la ẹnu gbàgà lójú omi, nǹkan kan bí kẹ̀lẹ̀bẹ̀ bo ibi tí wọ́n fi ń mí. Kò sí èyí tó yè nínú wọn. Mọ́láyọ̀ bu omi náà sọ́wọ́, ó tọ́ ọ wò. Ẹni tó ti gbé Mowe rí ni, ó mọ ohun tó kàn án lẹ́nu.

Nàfísàt ń ti ọjà bọ̀, ẹrù ṣì wà lórí rẹ̀, nígbà tó bá gbogbo ará ilé ní ọ̀dẹ̀dẹ̀.

“Ìyá Sọ̀fì, kí lẹ dà sínú kànga?” Mọ́láyọ̀ ló bi í.

“Kànga wo?”

“Ẹ má ṣe bí ẹni tí kò mọ̀ o! Gbogbo ẹja mi ló ti kú. Omi yẹn ń kan, álọ́ọ̀mù ló wà níbẹ̀, mo mọ̀ ọ́n. Ta ló ń ta álọ́ọ̀mù nínú ilé yìí?”

Nàfísàt kọ́kọ́ rò pé àwàdà ni. Ó wo ojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, kò rí ẹyọ ẹni kan tó ń rẹ́rìn-ín. Ó sọ ẹrù kalẹ̀.

“Ṣé ẹ̀yin kọ́ lẹ fi ẹnu ara yín sọ pé a ó tún máa wá kanlẹ̀kùn yín?” Mọ́láyọ̀ tún sọ bẹ́ẹ̀, ó ń sunkún.

“Ẹ̀fẹ̀ ni mo ṣe! Ṣé ẹ̀yin náà ò rẹ́rìn-ín ni? Ojoojúmọ́ lẹ ń fa omi yẹn, tuntun ń sun sí i. Bí mo bá da gbogbo àpò ìsọ̀ mi síbẹ̀, ṣé á ṣì máa kan láti ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀? Ẹ ronú, ẹ jọ̀ọ́!”

Wọn kò ronú. Inú ń bí wọn, ẹni tí inú rẹ̀ ń bí sì fẹ́ ẹni tí yóò dì mú ni, kò fẹ́ ìṣirò. Wọ́n ní obìnrin yìí rí i pé omi mímọ́ yóò ba òwò òun jẹ́, ló ṣe lọ bà á jẹ́. Bàbá Ògúnkànmí ní kó kó ẹrù rẹ̀ bí oṣù bá ti parí. Ọ̀rọ̀ náà ti dé ọjà kí òun fúnra rẹ̀ tó débẹ̀ ní ọjọ́ kejì. Oníbàárà rẹ̀ kan láti Ibafo, obìnrin tí wọ́n ti jọ ń bá a bọ̀ láti ìgbà àbúrò ìyá rẹ̀, rọra gba iwájú rẹ̀ kọjá, ó lọ rà lọ́wọ́ ẹni tó ń pa òkúta mọ́ álọ́ọ̀mù. Nàfísàt jókòó, kò pè é. Ó dùn ún dé egungun. Yàrá, ènìyàn lè rí òmíràn yá. Orúkọ tí ènìyàn fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́, níbo ni wọ́n ti ń yá a?

Ọjọ́ Sunday kan, nígbà tí àwọn kan ti lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ìbínú ló gbé e dé ẹ̀yìn ilé ìwẹ̀. Ó fẹ́ wo kànga náà dáadáa fúnra rẹ̀. Ibẹ̀ ló ti rí gègèrè ilẹ̀ dúdú tí Yésúfù kó jọ. Ó ti hu irun. Irun funfun wẹ́ẹ́wẹ́ẹ́ bo ara rẹ̀, ó ń dán bí òwú ṣẹ́dà, òmíràn kóra jọ bí èépá funfun. Nàfísàt fi ìka kan fá díẹ̀, ó fi kan ahọ́n.

Álọ́ọ̀mù ni.

Kí lẹ rò pé ó wá sí i lọ́kàn? Ohun kan náà tó wá sọ́kàn àwọn yòókù ni! Pé ènìyàn kan ló dà á síbẹ̀. Gbogbo ọdún tó fi ta álọ́ọ̀mù, kò bi ara rẹ̀ rí níbo ni álọ́ọ̀mù ti ń wá. Inú àpò ló ń bá a. Ó dìde, ó tọ yàrá Mọ́láyọ̀ lọ tààrà, obìnrin náà sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ti ṣọ́ọ̀ṣì wọlé.

“Ẹ̀yin lẹ dà á síbẹ̀! Ẹ fẹ́ fi dá mi lẹ́bi! Ẹ jáde wá wo iṣẹ́ ọwọ́ yín!”

Ariwo wọn ló gbé Adéṣọlá jáde. Yàrá ìgbẹ̀yìn ló ń gbé, ọ̀dọ́mọkùnrin jẹ́ẹ́jẹ́ tó ń ṣiṣẹ́ ní lábù ilé iṣẹ́ kan tó ń fọ́ òkúta. Ó ti lọ sí sáìtì láti ìgbà tí ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀, kò tíì pẹ́ tó dé. Ó bá wọn lọ sídìí gègèrè náà, ó lóṣòó tì í, ó fá díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀.

“Ẹ̀yin mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sinmi. Kò sẹ́ni tó dà á síbẹ̀. Ilẹ̀ yìí ló ń hù ú.”

“Ilẹ̀ wo ló ń hu álọ́ọ̀mù?” Àwọn obìnrin méjèèjì pa ẹnu pọ̀ láti sọ ọ́, wọn kò tilẹ̀ mọ̀ pé àwọn ti fohùn ṣọ̀kan.

“A máa ń rí i lára ògiri kòtò òkúta wa tí ọyẹ́ bá dé. Òkúta dúdú yìí, irin àti imí-ọjọ́ ló so pọ̀ nínú ẹ̀. Tó bá wà lábẹ́lẹ̀ tí afẹ́fẹ́ ò kàn án, kò sí wàhálà. Tẹ́ ẹ bá ti gbẹ́ ẹ, tí afẹ́fẹ́ àti omi kàn án, á di áṣíìdì. Áṣíìdì yẹn á wá jẹ amọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, á fa alumíníọ̀mù inú amọ̀ jáde. Tí oòrùn bá fa omi ẹ̀ lọ, nǹkan tó máa kù nìyí. Alúnójìnì là ń pè é. Ìbátan álọ́ọ̀mù tí Ìyá Sọ̀fì ń tà ni.”

“Kí ló dé tá ò rí i rí?” Mọ́láyọ̀ bi í.

“Òjò, mà. Kíá ló máa ń yọ́ sínú omi. Òjò kan báyìí, ó ti lọ. Bó ṣe rí yìí, ẹ rò pé ó gbẹ, àbí? Omi ló pọ̀ jù nínú ẹ̀. Ẹ gbé e sórí iná, á yọ́, á máa hó, á wú. Ohun tó ń yọ́ sínú kànga yín náà nìyẹn. Ìdí tómi yín fi mọ́ gaara nìyẹn: ilẹ̀ ti bá yín fi álọ́ọ̀mù sí i kẹ́ ẹ tó fà á. Àmọ́ kò mọ ìwọ̀n, mà. Ẹja ò lè gbé inú ẹ̀, èmi ò sì ní jẹ́ kọ́mọ mi mu ún.”

Mọ́láyọ̀ kò gbà á gbọ́, Nàfísàt pàápàá kò gbà á tán. Ni Adéṣọlá bá ní kí wọ́n gbá ojú ibì kan mọ́ lójú gbogbo ènìyàn, kí wọ́n fi páánù ṣe ìbòrí gíga lé e, kí Mọ́láyọ̀ fúnra rẹ̀ máa ṣọ́ ọ láti ojú fèrèsé rẹ̀. Ó mú díẹ̀ lọ sí lábù wọn. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí irun funfun náà tún hù níbi tí wọ́n ti gbá a, lábẹ́ páánù, lójú ẹni tó ń ṣọ́ ọ. Adéṣọlá mú èsì lábù dé, èsì náà kò yàtọ̀ sí ohun tó sọ. Gbogbo ará ilé ló wá wò ó. Bàbá Ògúnkànmí náà wá, ó wò ó, ó sì padà wọlé.

Nàfísàt kò lọ sọ́jà ní ọjọ́ kejì. Ó wẹ̀, ó wọ aṣọ tó mọ́, ó gbé àpótí síwájú ilẹ̀kùn rẹ̀ níbi tí gbogbo ènìyàn gbọ́dọ̀ gbà kọjá, ó jókòó dè wọ́n. Ó ti pinnu pé òun kò ní pariwo mọ́ wọn. Ẹni tó bá ní kí òun má bínú, òun á ní ó ti tán. Ẹ mọ ohun tí wọ́n ṣe? Wọ́n ń kí i! “Ẹ káàárọ̀ mà.” “Ẹ kú ìjókòó mà.” Bí ẹni pé kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀ rí. Ìyẹn ló bí mi nínú jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí. Ẹnu tó fi gbogbo agbára pariwo “olè” kì í mọ bí wọ́n ti ń sọ “jọ̀wọ́” jẹ́ẹ́jẹ́.

Ní ọ̀sán, Bàbá Ògúnkànmí wá jókòó tì í, Mọ́láyọ̀ sì tẹ̀ lé e.

“Ìyá Sọ̀fíyátù, má kó ẹrù mọ́. Yàrá yìí ti di tìrẹ.”

“Ẹ ṣé, sà. Ṣé ẹ ti sọ fún àwọn ará ọjà pé èmi kọ́?”

Bàbá wo ilẹ̀. “Ọ̀rọ̀ tó gbé mi wá nìyẹn. Àwọn kan ń bọ̀ láti Èkó ní Sátidé láti wo ilẹ̀. Wọ́n ti gbọ́ pé kànga náà ní wàhálà. Bí a bá ní ènìyàn ló ṣèèṣì da nǹkan sí i, a ó ní a ti gbọ́n ọn, ó ti tán. Ènìyàn ṣe é dárí jì. Ṣùgbọ́n bí a bá ní ilẹ̀ ni, ta ni yóò rà á? Jẹ́ kó wà bó ṣe wà. Gbogbo wa la mọ òótọ́ nínú ara wa.”

Nàfísàt rò pé etí òun kò gbọ́ dáadáa. Ó wo Mọ́láyọ̀. Mọ́láyọ̀ ti kúnlẹ̀.

“Ẹ ràn mí lọ́wọ́, Ìyá Sọ̀fì. Gbogbo ohun tí mo ní ló wà lórí púlọ́ọ̀tì yẹn. Tí wọ́n bá mọ̀, mi ò lè rí i tà láéláé.”

Ẹni tí ẹja rẹ̀ kú! Ẹni tó fi ojú ara rẹ̀ ṣọ́ ọ títí ó fi hù! Ìkúnlẹ̀ tí Nàfísàt ti ń retí láti àárọ̀ ló dé yìí, èyí tó yẹ kó jẹ́ ti ẹ̀bẹ̀, wọ́n wá fi í bẹ̀ ẹ́ pé kó máa jẹ́ ọ̀daràn lọ. Nàfísàt wọlé, ó ti ilẹ̀kùn mọ́ wọn síta.

Nígbà tó di Sátidé, tọkọtaya kan dé pẹ̀lú ọmọdébìnrin kékeré kan. Ọpẹ́olúwa ni wọ́n ń pe ìyàwó, obìnrin oníwà pẹ̀lẹ́ tó ń kí tàgbà tèwe. Bàbá Ògúnkànmí fa omi sókè, ó gbé e síwájú wọn. Ó mọ́, ó ń tàn nínú oòrùn. Ó ní ẹnì kan ló ti ṣèèṣì bà á jẹ́ tẹ́lẹ̀, obìnrin tó ń ta álọ́ọ̀mù, ṣùgbọ́n àwọn ti yanjú rẹ̀. Bó ṣe ń sọ ọ́, ojú gbogbo wọn ṣẹ́ sí Nàfísàt tó dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ọpẹ́olúwa rọra fa ọmọ rẹ̀ sẹ́yìn ara rẹ̀.

Nàfísàt sọ̀kalẹ̀ wá. Kò pariwo rárá.

“Ẹ̀yin ìyá yìí, èmi ni Nàfísàt tó ń ta álọ́ọ̀mù ní ọjà Ìfọ̀. Mi ò da nǹkan kan sí kànga yìí. Inú ilẹ̀ tí ẹ fẹ́ rà yìí ló ti ń wá. Ẹ má fún ọmọ yín mu.”

“Irọ́ ló ń pa!” Bàbá Ògúnkànmí ló pariwo bẹ́ẹ̀.

Ọpẹ́olúwa wo àwọn ará ilé tí wọ́n tò sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. “Ẹ jọ̀ọ́, ṣé òótọ́ ni ohun tí wọ́n sọ yìí?”

Adéṣọlá ti lọ síbi iṣẹ́. Àwọn yòókù ń wo Mọ́láyọ̀, nítorí òun ló kọ́kọ́ fi ẹ̀sùn kan Nàfísàt, orí ilẹ̀ yẹn náà sì ni púlọ́ọ̀tì tirẹ̀ wà. Mọ́láyọ̀ ń wo ọmọdébìnrin náà tó ń na ọwọ́ sí korobá omi.

“Òótọ́ ni,” ó sọ níkẹyìn. “Ilẹ̀ ni. Kò da nǹkan kan sí i. Àwa la pa irọ́ mọ́ ọn.” Ó wá fi ọwọ́ bo ojú.

Mọ́tò àwọn ará Èkó lọ. Bàbá Ògúnkànmí wọ yàrá rẹ̀, ó ń ṣépè ní ohùn Ẹ̀gbá. Àwọn ará ilé wá sún mọ́ Nàfísàt wàyí, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì, wọ́n ń ní kó má bínú, wọ́n ní kò sẹ́ni tó máa lé e kúrò, àwọn máa dúró tì í. Nàfísàt dá wọn lóhùn pé ó ti tán, ó sì ń di aṣọ rẹ̀ sínú àpò bó ti ń sọ ọ́.

“Níbo lẹ wá ń lọ?” Mọ́láyọ̀ bi í, ojú rẹ̀ ṣì pọ́n.

“Mi ò tíì mọ̀. Àmọ́ ilé tó jẹ́ pé àlejò ló ní láti béèrè kẹ́ ẹ tó lè sọ òótọ́ nípa mi, mi ò lè sùn nínú ẹ̀ mọ́.”